Ṣé Òótọ́ Ni Pé Wọ́n Ń Fọ Ike Omi Tí Wọ́n Rà Ní Abúlé, Kí Wọ́n Lè Rọ Omi Mìíràn Sínú Rẹ̀?

Láwọn abúlé tó yí Ìbàdàn ká, láti apá Akínyẹlé títí dé Lágelú àti Ọ̀nà-Àrà, bí iléeṣẹ́ àtúnlò bá pín àpò fáwọn ará abúlé pé kí wọ́n máa kó ike omi àti ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò pamọ́ fún òun, ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń sọ ni pé wọ́n fẹ́ lọ fọ̀ ọ́ ni, kí wọ́n rọ omi mìíràn sí i, kí wọ́n sì tún tà á padà fún wọn. Nítorí èyí, àwọn kan a dá ihò sí ike lára kí wọ́n tó jù ú nù, àwọn mìíràn a sì dáná sun ún lẹ́yìnkùlé.

Ìfura náà ní ìdí. Ẹni tó bá ń ná ọjà Bódìjà mọ̀ pé inú ike àlòkù ni wọ́n ń rọ òróró, epo pupa àti àgbo sí. Ṣùgbọ́n òwò ọ̀tọ̀ nìyẹn, ike tó bá sì ti tẹ̀ kò wúlò fún irú wọn. Iléeṣẹ́ àtúnlò ní tirẹ̀ a máa bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ tẹ ike pẹlẹbẹ, kí púpọ̀ lè wọ ọkọ̀.

Ẹ da omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó sínú ike omi kan, ẹ rọra o. Lójú ẹsẹ̀ ni yóò súnkì, tí ara rẹ̀ yóò sì wọ́. Báwo wá ni iléeṣẹ́ omi yóò ṣe fi omi gbígbóná pa kòkòrò inú rẹ̀? Kò tilẹ̀ nílò ike àlòkù: ike kékeré kan tó nípọn, tí ẹnu rẹ̀ ti wà ní sẹpẹ́ fún ìdérí, ni wọ́n máa ń fi iná mú rọ̀, tí wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí nínú àpótí irin títí yóò fi wú di ike omi.

Èyí tí wọ́n rà lọ́wọ́ yín, ẹ̀rọ ni yóò rún un wẹ́wẹ́. Bí wọ́n bá dà á sómi, ara ike á rì, ìdérí á léfòó, nítorí irú ike wọn kò dọ́gba. Wọ́n á fi omi gbígbóná àti kọ́sítíìkì sódà, èyí tí àwọn tó ń se ọṣẹ ń lò, fọ gọ́ọ̀mù àti epo tó lẹ̀ mọ́ ọn kúrò. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi ooru tó lé ní ìwọ̀n 250 Celsius yọ́ ọ, wọ́n á sì fà á bí òwú, tí a ń kì sínú ìrọ̀rí. Àwọn iléeṣẹ́ kan ń sọ ọ́ di ike omi padà lóòótọ́, àmọ́ lẹ́yìn yíyọ́ ni.

Ọ̀rá píọ́wọ́tà yàtọ̀ pátápátá. Ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ ike, nítorí ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń yọ́ òun, ọ̀rá dúdú tí a fi ń gbé ẹrù lọ́jà sì wà lára ohun tó ń dà.

Bí ẹ bá fẹ́ fura, ẹ fura sí òṣùwọ̀n: ẹ rí i pé ó wà lórí òdo kí wọ́n tó gbé àpò yín lé e. Ẹ̀yin náà, ẹ má rọ iyanrìn sínú ike kí ó lè wúwo o, nítorí iyanrìn a máa ba abẹ ẹ̀rọ jẹ́.