Tí Orílẹ̀-èdè Alágbára Bá Wọ Ogun, Kí Làwọn Alájọṣe Rẹ̀ Ń Ṣe?

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí orílẹ̀-èdè méjì bá ti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ìgbèjà, ọjọ́ tí ọ̀kan bá wọ ogun ni èkejì á kó ọmọ ogun jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn amòfin ìjọba á tú ìwé náà palẹ̀, wọ́n á wo ẹni tó kọ́kọ́ nawọ́ ìjà. Ìgbèjà ni ọ̀pọ̀ irú àdéhùn yìí wà fún. Ẹni tó lọ ká ọ̀tá mọ́lé kò lè fi í pe ọ̀rẹ́ jáde.

Ítálì mọ ọgbọ́n yìí lò. Láti 1882 ló ti bá Jámánì àti Austria-Hungary mulẹ̀. Nígbà tí ogun àgbáyé kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, Ítálì ní Austria ló gbógun lọ bá Serbia, kò sẹ́ni tó wá bá a nílé, nítorí náà àdéhùn kò dé ibẹ̀. Ó jókòó sílé fún oṣù mẹ́sàn-án ó lé. Nígbà tó máa wọ ogun náà ní oṣù karùn-ún 1915, ẹ̀yìn àwọn tó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jà ló lọ dúró sí, torí pé wọ́n ti ṣèlérí ilẹ̀ fún un.

Àdéhùn NATO ti 1949, ìyẹn àjọ ìgbèjà tí Amẹ́ríkà, Kánádà àti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ wà nínú rẹ̀, náà ní àlàfo tirẹ̀. Abala karùn-ún ní ẹni tó bá kọ lu ọ̀kan kọ lu gbogbo wọn, gbogbo ayé ló mọ ìyẹn. Èyí tí wọn kì í sábà kà ni ibi tó ti sọ pé olúkúlùkù á ṣe ohun tó bá rí i pé ó yẹ. Ìbọn lè wà nínú rẹ̀, kò sì pọn dandan kó wà. Abala kẹfà tún pa ààlà sí i, ìdí sì nìyẹn tí àjọ náà kò fi ní ọ̀ranyàn kankan nígbà tí Argentina gba erékùṣù Falklands mọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ní 1982: ó ti jìnnà jù sí gúúsù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n tíì lo abala karùn-ún, lẹ́yìn ìkọlù 11 September 2001. Lára ohun tó tibẹ̀ jáde ni àwọn bàálù AWACS tí wọ́n kó wá láti Yúróòpù kí wọ́n máa ṣọ́ òfurufú Amẹ́ríkà. Ẹni tó ti ń ṣọ́ni láti ọjọ́ yìí ló wá di ẹni tí wọ́n ń ṣọ́.

Tí a bá ti ìwé kúrò, ọmọ ogun kọ́ ni alágbára sábà máa ń wá lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́. Ọmọ ogun tirẹ̀ pọ̀. Ọ̀nà ló ń tọrọ: kí bàálù rẹ̀ fò kọjá, kí ọkọ̀ rẹ̀ gúnlẹ̀, kí ó rí ibi rọ epo. Lálẹ́ 14 April 1986, bàálù F-111 Amẹ́ríkà gbéra nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Líbíyà ni wọ́n ń lọ jù ní bọ́ǹbù. Orí Faransé ni ọ̀nà àbùjá. Faransé ní kò sọ́nà, Spéìnì náà ní kò sọ́nà, bẹ́ẹ̀ inú NATO làwọn méjèèjì wà. Wọ́n gba orí òkun Atlantic, wọ́n yí Portugal àti Spéìnì po, wọ́n wá gba ẹnu Gibraltar wọlé. Léraléra ni bàálù agbépo ń rọ epo fún wọn lójú òfurufú nínú òkùnkùn. Àlọ àtàbọ̀ ju wákàtí méjìlá lọ.

Ti Tọ́kì ní 2003 tún le jù bẹ́ẹ̀. Amẹ́ríkà fẹ́ kí nǹkan bí ọmọ ogun 62,000 gba ilẹ̀ Tọ́kì wọ àríwá Ìráàkì, ó sì ti ṣèlérí ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù dọ́là. Àwọn ọkọ̀ òkun tó kó ohun ìjà ti wà létí omi, àṣẹ ni wọ́n ń retí. Ní 1 March, àwọn aṣòfin dìbò: 264 gbà, 250 kọ̀, 19 kò dá sí i. Àwọn kan ti ń gbé e jáde pé ó ti kọjá. Àmọ́ òfin wọn béèrè ju ìdajì gbogbo àwọn tó jókòó, ìyẹn 267. Ìbò mẹ́ta ló kù. Àwọn ọkọ̀ náà ṣẹ́rí, wọ́n gba ọ̀nà omi Suez lọ sí Kùwéètì. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, àwọn aṣòfin náà sì mọ̀ pé àwọn tó dìbò fún wọn kò fẹ́ ogun yẹn.

Jámánì ta ọgbọ́n mìíràn. Olórí ìjọba rẹ̀, Gerhard Schröder, ń kéde pé òun kò fọwọ́ sí ogun Ìráàkì, kò sì rán ọmọ ogun lọ. Síbẹ̀ bàálù Amẹ́ríkà ń gbéra ní Ramstein, ibùdó bàálù ogun Amẹ́ríkà ní Jámánì, àwọn ṣọ́jà Jámánì sì ń ṣọ́ ẹnu géètì bárékè Amẹ́ríkà kí àwọn tó ni bárékè lè ráyè lọ sójú ogun. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ìjọba kan dúró, kó fi ọ̀rọ̀ ẹnu sílẹ̀, kó lọ wo pápákọ̀ òfurufú rẹ̀.

Rọ́ṣíà náà rí i ní 2022. Bẹ́lárùs ṣí ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n gba ibẹ̀ wọ Ukraine, àmọ́ kò rán ọmọ ogun tirẹ̀. Kazakhstan, tí òun àti Rọ́ṣíà jọ wà nínú àdéhùn ìgbèjà kan náà, kò dá sí i rárá. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, ààrẹ rẹ̀, Tokayev, sọ ọ́ lójú Putin ní St. Petersburg pé àwọn kò ní ka Donetsk àti Luhansk, agbègbè Ukraine méjì tí Rọ́ṣíà ní wọ́n ti dá dúró, sí orílẹ̀-èdè.

Àwọn tó ń rán ọmọ lọ sógun ẹlòmíràn sábà ní ohun tí wọ́n ń rà. Gúúsù Kòríà rán èèyàn tó lé ní 300,000 lọ sí Vietnam ní ọdún bíi mélòó kan, torí ó nílò owó Amẹ́ríkà, kò sì fẹ́ kí àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà tó ń ṣọ́ ààlà rẹ̀ kúrò. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó sún mọ́ Amẹ́ríkà ju gbogbo wọn lọ kò rán ikọ̀ ajagun kankan.

Owó nìkan náà kì í tó. Nínú ogun Gulf ní 1991, tí wọ́n fi lé Ìráàkì kúrò ní Kùwéètì, Jàpáànì san nǹkan bíi bílíọ̀nù dọ́là 13, torí òfin ilẹ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kó rán ajagun. Nígbà tí Kùwéètì gba ojú ewé nínú ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà láti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó gbà á sílẹ̀, orúkọ Jàpáànì kò sí níbẹ̀. Ní oṣù kẹrin, lẹ́yìn tí ìbọn ti dákẹ́, Jàpáànì rán ọkọ̀ lọ hú àdó olóró kúrò nínú omi Gulf. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ṣe òfin tó gbà á láàyè láti rán ṣọ́jà sókè òkun lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ó sì rán wọn lọ sí Cambodia.