Kìnnìún kọ́ ló ń sọ ọdẹ di alágbára nínú D&D

Nínú eré Dungeons & Dragons, bí ẹnì kan bá ti ní ọdẹ lòun fẹ́ jẹ́, ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé e kì í ṣe ibi tí ọdẹ náà ti wá tàbí ohun tó ń lé e kiri. "Bọ̀dá, ẹranko wo ló le jù níbẹ̀?" ni. Kí ẹni tó ń darí eré tó lanu, àwọn tó jókòó yí tábìlì ká ti ń dáhùn: kìnnìún. Ẹlòmíì á ní erin. Ẹnì kan á sì rántí ọ̀nì. Mo ti gbọ́ ọ l'Ásẹ́rò, mo ti gbọ́ ọ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Fúnáàbù, mo sì ti rí àwọn tó fi ọ̀sán Sátidé jiyàn lórí ẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ẹ́ ṣú. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé bí ẹranko bá ṣe tóbi tó, tó sì rorò tó, bẹ́ẹ̀ ni ọdẹ tó ni ín ṣe máa lágbára tó. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ara ọdẹ gan-an ni agbára ẹranko náà ti ń wá.

Fún ẹni tí kò tíì jókòó sídìí eré yìí rí: ọdún 1974 ló kọ́kọ́ jáde l'Amẹ́ríkà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á kọ akọni tirẹ̀ sínú ìwé, ẹnì kan á máa darí ìtàn, òun là ń pè ní DM, dáìsì olójú 20 ló sì máa ń sọ bóyá ohun tí ẹ dáwọ́ lé bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i. Ranger ni akọni tí àwa ń pè ní ọdẹ. Kì í ṣe gbogbo ranger ló ní ẹranko. Bó bá dé ìpele kẹta ló máa yan ọ̀nà tó fẹ́ tọ̀, èyí tó ń fúnni ní ẹranko ni Beast Master.

Mi ò dá àwọn tó ń pariwo kìnnìún lẹ́bi, torí mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò ní ìwé òfin eré náà lọ́wọ́. Ìwé ọ̀fẹ́ tí Wizards of the Coast, àwọn tó ni eré náà, gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì là ń kà lórí fóònù. Nínú ìwé ọ̀fẹ́ yẹn, ẹ máa rí kìnnìún, ẹ máa rí erin tó ní hit point 76, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí ìpalára tó lè fara dà ṣe pọ̀ tó, ẹ máa rí ọ̀nì pẹ̀lú gbogbo eyín rẹ̀. Ohun tí ẹ ò ní rí níbẹ̀ ni Beast Master. Hunter nìkan ni ọ̀nà ranger tí wọ́n fi síbẹ̀. Èèyàn á wá rí ẹranko láìrí òfin tó de ẹranko, á sì fúnra rẹ̀ so méjèèjì pọ̀ bó ṣe yé e. Ẹ tún fi ti ilé kún un: inú oríkì la dàgbà sí, a ti ń gbọ́ ajànàkú, a ti ń gbọ́ ọlọ́lá ijù láti kékeré. Ta ló fẹ́ mú ajá nígbà tí kìnnìún wà ńlẹ̀?

Ìwé òfin ti 2014 náà dá kún un díẹ̀. Lóòótọ́, inú àkójọ ẹranko ni wọ́n ti ń yan ti ọdẹ nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n pààlà sí i: ẹranko náà kò gbọdọ̀ tóbi ju ìwọ̀n èèyàn lọ, Challenge Rating rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe le tó, kò sì gbọdọ̀ ju 1/4 lọ. Kìnnìún jẹ́ 1. Erin jẹ́ 4. Nítorí náà, kódà lábẹ́ òfin àtijọ́, kò sí ọdẹ Beast Master kankan tó ní ẹ̀tọ́ sí kìnnìún. Ẹkùn, èyí tí ìwé ń pè ní panther, ló bọ́ sí i, torí 1/4 gééré ni tirẹ̀.

Lọ́dún 2020 ni wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà ṣe nínú ìwé àfikún kan, ìwé òfin tuntun ti 2024 sì fẹsẹ̀ àtúnṣe yẹn múlẹ̀. Ẹranko ọdẹ kò tún ti inú àkójọ wá mọ́. Oríṣi mẹ́ta péré ló wà: ti orí ilẹ̀, ti inú omi àti ti òfuurufú. Ẹ máa mú ọ̀kan, lẹ́yìn náà lẹ máa wá sọ irú ẹranko tó jẹ́. Bó bá jẹ́ ti orí ilẹ̀ lẹ mú, ẹ lè pè é ní kìnnìún, ẹ lè pè é ní ajá, ẹ lè pè é ní òbúkọ. Nọ́ńbà tó wà nínú ìwé kò ní fi ẹyọ kan yàtọ̀.

Níbo wá ni nọ́ńbà ọ̀hún ti ń jáde? Ní ti òfin 2024, hit point ẹranko orí ilẹ̀ jẹ́ 5, kí ẹ wá fi 5 lọ́nà ìpele ọdẹ kún un. AC rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí ọ̀tá gbọ́dọ̀ dé kí ó tó lè ṣe é léṣe, jẹ́ 13 pẹ̀lú ohun tí Wisdom ọdẹ, ìyẹn nọ́ńbà ọgbọ́n àti ìfura rẹ̀, bá fi kún un. Bó bá fẹ́ bu ọ̀tá jẹ, nọ́ńbà tí ọdẹ fi ń fi idán kọlu èèyàn ni òun náà ń lò, Wisdom sì wà nínú ìyẹn náà. Bó bá bù ú jẹ tán, ẹ máa ju dáìsì olójú 8, ẹ fi 2 kún un, ẹ tún fi Wisdom kún un. Ẹ wá kìnnìún nínú ìṣirò yìí títí, ẹ ò ní rí i. Ọdẹ lẹ máa rí.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sílé. Ká ní DM fi ogun Dàhòmì ti 1851 ṣe ìtàn, èyí tí àwọn Ẹ̀gbá ti lé wọn padà níbi odi ìlú lápá Aró. Ọdẹ méjì wà lórí odi náà, ìpele kẹta ni àwọn méjèèjì. Èkíní ní kìnnìún, ṣùgbọ́n gbogbo agbára rẹ̀ ló kó sínú Dexterity, ìyẹn ìyára ara, nítorí ọfà, ó sì fi Wisdom sílẹ̀ sí 10, èyí tí kò fi ohunkóhun kún nǹkan. Èkejì ní òbúkọ, Wisdom rẹ̀ sì jẹ́ 16, ìyẹn +3. Ọ̀gágun kan ń gun odi bọ̀, AC rẹ̀ jẹ́ 15. Kìnnìún fò mọ́ ọn. Ó ń fi 2, èyí tí ìmọ̀ iṣẹ́ ọdẹ fún un ní ìpele kẹta, kún ohun tí dáìsì bá mú, nítorí náà dáìsì gbọ́dọ̀ mú 13 kó tó bà á: ojú 8 nínú 20 ló gbè é. Òbúkọ ń fi 5 kún tirẹ̀, bí dáìsì bá ti mú 10 ó ti bà á, ojú 11 nínú 20 ló gbè é. Bí àwọn méjèèjì bá bà á, tí dáìsì wọn sì mú nǹkan kan náà, òbúkọ á fi 3 ṣe é léṣe ju kìnnìún lọ. Ọ̀gágun wá yíjú padà sí wọn, òun náà ń fi 5 kún dáìsì tirẹ̀. Ojú 13 nínú 20 ló máa wọ kìnnìún lára, 10 péré ni ti òbúkọ. Hit point àwọn ẹranko méjèèjì kò sì yàtọ̀: 20, 20.

Ibi tí mo fẹ́ ká dúró sí dáadáa rèé, torí ó ń ba eré jẹ́ fún àwọn tó mú ọfà. Bí ẹranko orí ilẹ̀ bá sáré tó ẹsẹ̀ bàtà 20 tààrà sí ọ̀tá kó tó bà á, ẹ máa fi dáìsì olójú 6 kún ìpalára náà, bí ọ̀tá náà kò bá sì tóbi ju ìwọ̀n ẹṣin lọ, á ṣubú lulẹ̀. Gbogbo tábìlì á hó. Àmọ́ òfin sọ pé ẹni tó bá wà nílẹ̀, ọfà tó bá ti òkèèrè ju ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ wá máa ń ṣòro láti bà á: dáìsì méjì lẹ máa jù, èyí tó kéré lẹ máa mú. Ẹni tó bá dúró tì í pẹ̀lú idà tàbí kùmọ̀ ló máa ju dáìsì méjì tó sì máa mú èyí tó pọ̀. Ọdẹ ọlọ́fà tó rán ẹranko rẹ̀ lọ gbé ọ̀tá ṣubú kó tó ta ọfà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́. Kí ó kọ́kọ́ ta ọfà, kí ó wá rán ẹranko. Ní ìtẹ̀léra yẹn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó mú idà á rí ọ̀tá nílẹ̀ kí ó tó dìde. Bí gbogbo yín bá jẹ́ atafà, mo rò pé ẹ̀yà ti òfuurufú ló dára jù: àṣá tàbí àwòdì tó ń fò ní ẹsẹ̀ bàtà 60, tó lè já ọ̀tá lára kó sì fò kúrò láìjẹ́ pé ọ̀tá rí àyè gbá a padà. Hit point tirẹ̀ kéré díẹ̀, 4 pẹ̀lú 4 lọ́nà ìpele.

Ọ̀nì ńkọ́? Bí ẹ bá mú un gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà ti inú omi, á máa lúwẹ̀ẹ́ ní ẹsẹ̀ bàtà 60, á sì máa bu ọ̀tá jẹ, á tún dì í mú. Nínú Odò Ògùn, kò sí irú ẹ̀. Lórí ilẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 5 péré ló lè rìn. Ẹni tó mú ọ̀nì nítorí eyín rẹ̀, tí ìtàn wá gbé wọn lọ sórí Olúmọ, á máa dúró dè é ní gbogbo àtẹ̀gùn.

Àwọn kan á sọ pé ìdí tí àwọn fi fẹ́ ẹranko ńlá ni pé kékeré á tètè kú. Mo lóye ẹ̀rù yẹn, torí ó máa ń dun èèyàn bí ẹranko tó ti fún lórúkọ bá kú. Ṣùgbọ́n ẹ ti rí i pé ìwọ̀n ara kò fi hit point kankan kún un. Bó bá tilẹ̀ kú, tí kò tíì ju wákàtí kan lọ, ọdẹ lè fọwọ́ kàn án, kí ó ná spell slot kan, ìyẹn àyè tó ní láti fi pidán, lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan á jí pẹ̀lú hit point rẹ̀ pé pérépéré. Ní ìpele kẹta, slot mẹ́ta ni ọdẹ ní. Ẹ fi ọ̀kan pamọ́ fún un.

Nǹkan mìíràn tí ìgbàgbọ́ yìí ń bò mọ́lẹ̀ ni àṣẹ. Àwọn àgbà ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Nínú eré yìí, ọdẹ ló máa ń gbàgbé fèrè. Bí ogun bá bẹ̀rẹ̀, ẹranko lè fúnra rẹ̀ rìn, ṣùgbọ́n yíyẹra fún ọgbẹ́ nìkan ni ohun tó máa ṣe, àfi bí ọdẹ bá fi bonus action rẹ̀, ìyẹn ìṣe kékeré tó ní yàtọ̀ sí ìṣe rẹ̀ gangan, pàṣẹ fún un. Bonus action kan péré lèèyàn ní lẹ́ẹ̀kan. Hunter's Mark, idán tí gbogbo ọdẹ fẹ́ràn, òun náà ló ń jẹ ẹ́. Èyí ló fà á tí ẹ máa rí ọdẹ tí kìnnìún rẹ̀ dúró sójú kan bí ère: ọ̀gá rẹ̀ ń fi idán sàmì sí ọ̀tá, kò ráyè fún un. Òfin 2024 ní ilẹ̀kùn kan, ọdẹ lè fi ọ̀kan nínú ìkọlù tirẹ̀ sílẹ̀ kí ẹranko kọlù dípò rẹ̀. Láti ìpele karùn-ún, tí ọdẹ á ti máa kọlu ọ̀tá lẹ́ẹ̀mejì, ló máa ń rọrùn jù láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ bá bi mí bí mo ṣe máa kọ ọ́, inú nọ́ńbà mẹ́fà tí òfin fi sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, 15, 14, 13, 12, 10 àti 8, màá fi 15 sí Dexterity, 14 sí Wisdom, 13 sí Constitution, ìyẹn okun ara. Màá mú Guide gẹ́gẹ́ bí ibi tí akọni náà ti wá, torí ó jẹ́ kí n lè fi 2 kún Wisdom àti 1 kún Dexterity, méjèèjì á sì di 16. Guide tún ń kọ́ni ní idán díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn druid, ìyẹn àwọn onídán inú igbó, níbẹ̀ lèèyàn ti lè mú Shillelagh, èyí tó ń jẹ́ kí ọdẹ fi Wisdom ja kùmọ̀. Ọdẹ oníkùmọ̀ yìí ló wù mí jù nínú gbogbo wọn. Wisdom kan ṣoṣo ló ń bọ́ òun àti ẹranko rẹ̀, bí òbúkọ bá sì ti gbé ọ̀tá ṣubú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni kùmọ̀ wà. Bonus action ni Shillelagh náà ń gbà, nítorí náà bí ẹ bá ti fura pé ìjà ń bọ̀, ẹ ti ṣe é sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ ìwé 2014 ni tábìlì yín ṣì ń lò, ẹ béèrè lọ́wọ́ DM bóyá ó máa gba àtúnṣe 2020 láyè. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbà, torí lábẹ́ òfin àtijọ́, odindi action, ìyẹn ìṣe rẹ̀ gangan, ni ọdẹ máa ná kí ẹranko tó kọlu ẹnikẹ́ni, kí ó sì tó dé ìpele karùn-ún, òun fúnra rẹ̀ á káwọ́ gbera. Nínú àtúnṣe 2020, ìmọ̀ iṣẹ́ ọdẹ, ìyẹn proficiency bonus, ló wà ní àyè Wisdom nínú AC àti ìpalára, ṣùgbọ́n Wisdom ṣì ni ẹranko fi ń ba ọ̀tá. Bí DM bá kọ̀, ẹ mú ẹkùn. Hit point 13 ló ní látilẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ní kí ẹ fi wé 4 lọ́nà ìpele ọdẹ, kí ẹ mú èyí tó pọ̀ jù. Ní ìpele kẹta, 13 ti ẹkùn ló ṣì ga ju 12. Nígbà tó bá fi di ìpele kẹrin, ó ti di 16, ti ọdẹ sì ni.