Fíìmù Gẹ́ẹ̀mù Ìjà: Kí Ẹ Tó Ní Ó Jèrè

Aláàdìrẹ tó ta ọjà 100,000 náírà ní Ìtòkú lónìí kò ní sọ pé 100,000 lòun jẹ lérè. Á kọ́kọ́ yọ owó aṣọ funfun, owó aró àti sódà, àti owó ẹni tó bá a rẹ ẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fíìmù tí wọ́n ṣe látinú gẹ́ẹ̀mù ìjà. Nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì, ilé sinimá máa ń mú nǹkan bí ìdajì. Ti Ṣáínà tún wá le: bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló ń kan ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà. Owó ìpolówó kò sì sí nínú iye tí wọ́n ní àwọn fi ṣe fíìmù. Ẹ sọ iye yẹn di ìlọ́po méjì ààbọ̀, ẹ ó mọ ibi tó yẹ kí tíkẹ́ẹ̀tì dé kí wọ́n tó rí ojú owó. Ìṣirò ojú ọjà ni o, kì í ṣe òfin.

Ẹ wo Mortal Kombat, gẹ́ẹ̀mù ìjà tí wọ́n sọ di fíìmù: ti 1995 ná wọn ní nǹkan bí mílíọ̀nù 20 dọ́là. Mílíọ̀nù 50 ló yẹ kó pa. Ó pa ju 120 lọ. Apá kejì, ní 1997, gba bíi 30, kò sì pa ju bíi 51 lọ, nígbà tó yẹ kó tó 75. Púpọ̀ nínú òṣèré àkọ́kọ́ ni kò padà wá, wọ́n sì rọ́ oníjà sínú rẹ̀ bí ẹní di ẹrù ọjà.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Nínú gẹ́ẹ̀mù, bí oníjà bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń dùn tó, torí ẹni tó mú páàdì ló ń yan tirẹ̀, òun náà ló ń jà á. Lójú sinimá, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ẹ pín 100 ìṣẹ́jú fún oníjà 20: ìṣẹ́jú 5 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ta ni èèyàn fẹ́ tìtorí rẹ̀ bẹ̀rù láàárín ìṣẹ́jú 5?

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tàn yín. Àwọn ọmọ gẹ́ẹ̀mù ló ń sáré wọlé nígbà yẹn. Òpin ọ̀sẹ̀ kejì ni kí ẹ wò. Mortal Kombat ti 2021 pa bíi mílíọ̀nù 23 ní Amẹ́ríkà lópin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó já sí bíi 6 ní èkejì. Ẹ̀bi rẹ̀ nìkan kọ́ ṣá: àsìkò kòrónà ni, ọjọ́ tó dé sinimá náà ló dé orí HBO Max, níbi tí èèyàn ti ń wo fíìmù nílé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ti 2009 tí wọ́n ṣe lórí Chun-Li, obìnrin oníjà inú gẹ́ẹ̀mù Street Fighter, kò ní irú àwáwí bẹ́ẹ̀: bíi mílíọ̀nù 50 ni wọ́n ná, nǹkan bí 13 ló wọlé.

Bí gbogbo ọmọ gẹ́ẹ̀mù Abẹ́òkúta bá sì tò síwájú sinimá, ẹ ṣẹ́ náírà wọn sí dọ́là kí ẹ tó pariwo.