Ibi tí ìlà ara ọ̀pẹ òyìnbó ti wá

Ojú ara ọ̀pẹ òyìnbó tí wọ́n ń tà lórí bárò ní Nyanya tàbí ní ọjà Wuse kò tò gátagàta. Ìlà ni wọ́n tò, ìlà tó ń yí gòkè láti ìdí títí dé abẹ́ ewé. Bí èèyàn bá fi báírò sàmì sí ìlà kọ̀ọ̀kan kó má baà kà á lẹ́ẹ̀mejì, yóò sábà rí 8 tó yí sí apá kan àti 13 tó yí sí apá kejì. Lára èyí tó bá tóbi, ìlà kẹta tó dúró ṣánṣán jù wọ́n lọ máa ń jẹ́ 21. Òdòdó ni ojú kọ̀ọ̀kan tẹ́lẹ̀. Òdòdó tó lé ní ọgọ́rùn-ún lè so pọ̀ di èso kan ṣoṣo.

Àwọn nọ́ńbà yìí bá ara wọn tan. 3 àti 5 jẹ́ 8, 5 àti 8 jẹ́ 13, 8 àti 13 jẹ́ 21. Leonardo ará Pisa ní Ìtálì, tí ayé ń pè ní Fibonacci, kọ ọ́ sínú ìwé ní 1202, níbi tó ti ń ṣírò bí ehoro ṣe ń bí sí i. Àwọn onímọ̀ ewì ní Íńdíà ti mọ̀ ọ́n ṣáájú rẹ̀, láti inú kíka ìró gígùn àti kúkúrú inú ewì wọn, ó sì yẹ kí a máa dárúkọ tiwọn náà.

Ewéko kò mọ ìṣirò kankan. Ṣóńṣó ọ̀mùnú ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, níbi tó kéré débi pé awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá ni a fi ń rí i. Níbẹ̀, ewé tàbí òdòdó tuntun ń yọ bíi kókó, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Họ́mọ̀nù kan, èròjà tó ń darí ìdàgbà ewéko, tó ń jẹ́ auxin ló ń mú kí kókó yọ, kókó tó bá sì ti yọ a máa fa auxin àyíká rẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Nítorí náà òmíràn kò lè yọ nítòsí. Ibi tó jìnnà sí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, tí auxin ṣì pọ̀ sí, ni yóò ti yọ. Ìlànà náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ léraléra, tí ọ̀mùnú sì ń dàgbà, igun àárín kókó kan àti èyí tó tẹ̀ lé e a wá dúró sí nǹkan bíi 137.5 dígírì. Ká ní 90 ni, ewé karùn-ún ìbá wà lórí ẹ̀kíní gan-an. Ní 137.5, kò sí èyí tó ń bọ́ sórí òmíràn géérégé, igun yìí náà ló sì ń bí ìlà 8 àti 13.

Ní 1992, Douady àti Couder, onímọ̀ físíìsì méjì ní Faransé, kán omi tí mágínẹ́ẹ̀tì ń fà sí àárín àwo òróró, ẹ̀kán kan lẹ́yìn òmíràn, tí ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ń ti ìyókù sẹ́yìn. Igun yẹn kan náà ni wọ́n tò sí, láìsí ewé, láìsí ohun abẹ̀mí kankan. Ìyanu ńlá ni.

Ẹ̀gẹ́ ẹ̀yìnkùlé ní Kubwa ń ṣe ohun tó sún mọ́ ọn: bí a bá yí igi rẹ̀ po lẹ́ẹ̀mejì, ewé márùn-ún la ó kà, ẹ̀kẹfà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sókè ẹ̀kíní.

Àsọdùn gbáà ni àwọn tó ní nọ́ńbà Fibonacci wà lára gbogbo ẹ̀dá. Àgbàdo kò bá a mu. Ìlà hóró ara rẹ̀ lè jẹ́ 12, 14 tàbí 16, iye tó ṣe é pín sí méjì láìṣẹ́kù, nítorí pé kókó kọ̀ọ̀kan tó yọ lára ọmọ àgbàdo máa ń là sí méjì kó tó di hóró, ìlà sì ń tipa bẹ́ẹ̀ wá ní méjì-méjì. Irú àgbàdo tí àgbẹ̀ Kaduna gbìn ló ń pinnu iye ìlà náà jù, nígbà tí igi rẹ̀ ṣì kéré. Òjò àti ajílẹ̀ tó dé lẹ́yìn ìgbà náà kò lè fi ìlà kún un mọ́. Iye hóró inú ìlà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ṣì lè fi kún.