Àdéhùn ẹja pípa láàárín àwọn orílẹ̀-èdè

Àdéhùn ẹja pípa láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ni ìwé tí orílẹ̀-èdè tó ní etíkun fi ń gba àwọn ọkọ̀ apẹja ilẹ̀ òkèèrè láyè láti wá pa ẹja nínú omi rẹ̀, tí wọ́n á sì sanwó fún un tàbí kí wọ́n fi ohun mìíràn dípò owó. Àwọn tó ń ta àyè náà sábà máa ń jẹ́ orílẹ̀-èdè tí ẹja pọ̀ nínú omi wọn ṣùgbọ́n tí wọn kò ní ọkọ̀ ńlá tó lè lọ jìnnà, pàápàá ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àti láwọn erékùṣù Òkun Pàsífíìkì. Lára àwọn tó ń rà á ni Ìṣọ̀kan Yúróòpù, Ṣáínà, Japan, Kòríà Gúúsù, Taiwan àti Amẹ́ríkà.

Ìbẹ̀rẹ̀

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, máìlì mẹ́ta péré sí etíkun ni ọ̀pọ̀ ìjọba kà sí omi tiwọn. Ohun tó bá kọjá ibẹ̀ kò ní olúwa, ẹni tó bá ní ọkọ̀ tó lágbára ló ń kó ẹja ibẹ̀ lọ. Lọ́dún 1952, Chile, Ecuador àti Peru kéde ní ìlú Santiago pé omi àwọn dé 200 máìlì orí òkun. Iceland náà ń sún ààlà tirẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀: ó di máìlì 12 lọ́dún 1958, 50 lọ́dún 1972, 200 lọ́dún 1975. Àwọn ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń sin àwọn apẹja wọn wọ inú omi náà, ìjà náà kò sì parí títí di ọdún 1976.

Ohun tí àwọn wọ̀nyí ń jà fún ni Àdéhùn Òfin Òkun ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé wá sọ di òfin. Wọ́n fọwọ́ sí i ní Montego Bay ní Jàmáíkà lọ́jọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1982, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 1994. Orílẹ̀-èdè etíkun ló ni ẹtọ́ lórí ẹja tó wà láàárín máìlì orí òkun 200, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 370. Bí àwọn ọkọ̀ tó ti ń pa ẹja níbì kan lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ ṣe di ẹni tó ń pa ẹja nínú omi olómi nìyẹn, wọ́n sì ní láti wá tọrọ àyè.

Ẹja tó ṣẹ́kù

Abala 61 àti 62 nínú òfin náà ni gbogbo àdéhùn yìí dúró lé. Orílẹ̀-èdè etíkun ni yóò pinnu iye ẹja tí wọ́n lè pa lọ́dún láìba ìran ẹja náà jẹ́. Yóò wo iye tí agbára àwọn apẹja tirẹ̀ ká. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni yóò jẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn wá pa.

Lórí ìwé, ọ̀rọ̀ náà dán. Lórí omi, ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà, nítorí kò sẹ́ni tó lè rí ẹja inú òkun kà bí ẹni ka ewúrẹ́. Ọkọ̀ ìwádìí tó ń lọ kiri òkun wọ́n gan-an, ọ̀pọ̀ ìjọba ni kò sì ní ọ̀kan. Ohun tí àwọn ọkọ̀ apẹja bá kéde pé àwọn pa ni wọ́n ń gbára lé, ọkọ̀ tó bá sì ń kéde kéré sí ohun tó pa ń ba ìṣirò ọdún tó ń bọ̀ jẹ́. Ẹja pàápàá kò dúró sójú kan. Sardinella, ẹja tó jọ sàdíìnì tí àwọn apẹja ọlọ́kọ̀ ọpọ́n fi ń jẹun, máa ń lọ bọ̀ láàárín Mòrókò, Mauritania, Sẹ̀nẹ̀gà àti Gáḿbíà. Léraléra ni àwọn onímọ̀ tí Àjọ Oúnjẹ àti Ọ̀gbìn Àgbáyé ń kó jọ ti sọ pé wọ́n ń pa á ní àpajù, síbẹ̀ kò sí ìwọ̀n kan tí gbogbo àwọn orílẹ̀-èdè náà jọ fi ẹnu kò lé lórí. Nítorí náà, ohun tí ìjọba kan tà bí àṣẹ́kù lè jẹ́ ẹja tí apẹja orílẹ̀-èdè kejì ń retí.

Yúróòpù àti àwọn ilé-iṣẹ́

Àdéhùn àkọ́kọ́ tí ilẹ̀ Yúróòpù bá orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ti Sẹ̀nẹ̀gà lọ́dún 1979. Oríṣi méjì ló wà nínú àwọn tó wà báyìí: èyí tó jẹ́ ti ẹja túnà nìkan, àti èyí tó pa oríṣiríṣi ẹja pọ̀. Ìṣọ̀kan Yúróòpù máa ń san owó fún ìjọba orílẹ̀-èdè náà, àwọn tó ni ọkọ̀ á sì san tiwọn lọ́tọ̀. Èyí tó tóbi jù ni ti Mauritania: lábẹ́ ìwé ọdún 2021, mílíọ̀nù 57.5 yúrò ni Yúróòpù ń san lọ́dún. Wọ́n máa ń tẹ àwọn ìwé wọ̀nyí jáde fún gbogbo ayé láti kà, ohun tó dára ni, nítorí ọ̀pọ̀ àdéhùn tí àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ń bá ìjọba ṣe ni aráàlú kì í rí kà. Àwọn ọkọ̀ mìíràn tilẹ̀ máa ń gba àsíá orílẹ̀-èdè etíkun, ìyẹn ni pé wọ́n á forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, nípasẹ̀ ilé-iṣẹ́ àjọni, wọn kì í sì í sí lára àwọn tí à ń pè ní àjèjì mọ́.

Nàmíbíà gba ọ̀nà mìíràn. Nígbà tó gba òmìnira lọ́dún 1990, ó kéde máìlì 200 tirẹ̀, ó mú àwọn ọkọ̀ Spéìn tó kọ̀ láti lọ, ó sì kọ̀ láti fọwọ́ sí àdéhùn ìwọlé pẹ̀lú Yúróòpù.

Òkun Pàsífíìkì

Ibí yìí ni àwọn tó ń ta àyè ti kọ́kọ́ fọwọ́ sowọ́ pọ̀ dáadáa. Amẹ́ríkà kọ̀ láti gbà pé ẹnikẹ́ni ló ni ẹja túnà tó ń rìn kiri. Lọ́dún 1984, àwọn Erékùṣù Solomon mú ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan, Jeanette Diana; Amẹ́ríkà sì fòfin de ẹja wọn. Ọdún 1987 ni Amẹ́ríkà àti àwọn orílẹ̀-èdè erékùṣù náà tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Port Moresby.

Àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tó wà nínú Àdéhùn Nauru, tí wọ́n fi jọ ń ṣàkóso ẹja túnà inú omi wọn, lára wọn ni Kiribati, Tuvalu àti Papua New Guinea, tún lọ síwájú. Dípò kí wọ́n ta ìwé àṣẹ, ọjọ́ ni wọ́n ń tà. Wọ́n á kọ́kọ́ fẹnu kò lórí iye ọjọ́ tí gbogbo ọkọ̀ lè lò lọ́dún, wọ́n á sì pín in láàárín ara wọn. Ọkọ̀ tí kò gùn tó mítà 50 ń lo ìdajì ọjọ́. Èyí tó ju mítà 80 lọ ń lo ọjọ́ kan àbọ̀. Sátẹ́láìtì ń ṣọ́ ibi tí ọkọ̀ wà, alámòójútó sì ń wà nínú àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń fi àwọ̀n yí agbo túnà ká, ó ń kọ ohun tí wọ́n kó sókè sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ta ọjọ́ kan ní iye tó kéré sí èyí tí gbogbo wọn fi ẹnu kò sí. Iye tó kéré jù yìí dé 8,000 dọ́là fún ọjọ́ kan. Owó tí wọ́n ń rí, tó jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 60 dọ́là lọ́dún 2010, sún mọ́ mílíọ̀nù 500 kí ọdún mẹ́wàá tó pé.

Ìfòfinmúni àti awuyewuye

Abala 73 gba orílẹ̀-èdè etíkun láyè láti dá ọkọ̀ dúró, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì mú un. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ tètè tú u sílẹ̀ tí wọ́n bá ti fi owó ìdúró sílẹ̀, kò sì lè ju àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ náà sẹ́wọ̀n nítorí ẹja àyàfi tí orílẹ̀-èdè wọn bá gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 2015, Ilé-ẹjọ́ Òfin Òkun ní Hamburg, nígbà tó ń dáhùn ìbéèrè àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sọ pé orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ ń gbé àsíá rẹ̀ gbọ́dọ̀ sa gbogbo ipá rẹ̀ kí ọkọ̀ náà má baà pa ẹja lọ́nà àìtọ́ nínú omi ẹlòmíràn.

Sẹ̀nẹ̀gà fagi lé ìwé àṣẹ ọkọ̀ àjèjì 29 lọ́dún 2012 lẹ́yìn tí àwọn apẹja ibẹ̀ fi ẹ̀hónú hàn. Àdéhùn tó bá Yúróòpù ṣe parí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024 láìsí ìtúnṣe. Oṣù kan ṣáájú ìyẹn, ilé-ẹjọ́ gíga Yúróòpù fagi lé àdéhùn pẹ̀lú Mòrókò, nítorí wọ́n fi omi Ìwọ̀-Oòrùn Sàhárà, ilẹ̀ tí Mòrókò ń du, kún un láìgba ìyọ̀ǹda àwọn ènìyàn ibẹ̀.

Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé fẹnu kò lọ́dún 2022 lórí òfin tó ń dín owó ìrànwọ́ ìjọba fún ẹja pípa kù, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025. Ó yọ owó tí ìjọba kan bá san fún ìjọba mìíràn lábẹ́ àdéhùn ẹja pípa sílẹ̀ kedere: òfin náà kò kà á sí owó ìrànwọ́.