Irin Ń Wọlé, Kò Rọ́nà Jáde

Ní Kubwa, bí ẹnì kan bá jáde ní láàbù pẹ̀lú PCV 24, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ tí kò tó, nínú ìwé rẹ̀, kó tó rí kẹ̀kẹ́ Napep wọ̀, ó kéré tán ẹni mẹ́ta ni yóò ti gbà á nímọ̀ràn. Ọ̀kan á ní kó po mọ́ọ̀tì mọ́ mílíìkì. Èkejì á ní kó gún ẹ̀fọ́ ùgú, kó fún omi rẹ̀ mu. Oníkẹ́míìsì ò tiẹ̀ ní sọ̀rọ̀ púpọ̀: á nawọ́ sókè, á sọ ìgò blood tonic kalẹ̀. (Ti mílíìkì yẹn tiẹ̀ pani lẹ́rìn-ín, torí káṣíọ̀mù inú rẹ̀ máa ń dí irin lọ́wọ́ láti wọ ara.)

Ohun kan náà ló wà lọ́kàn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ẹ̀jẹ̀ tí kò tó, irin ni kò tó. Òótọ́ ni fún ọ̀pọ̀ aboyún, òótọ́ ni fún ọmọ tí aràn ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó mú ìwé láàbù dání bá jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, ó lè jẹ́ pé irin ti kún ẹ̀dọ̀ rẹ̀ dẹ́nu, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì tún kéré síbẹ̀.

Ìwọ̀n àyè tí sẹ́ẹ̀lì pupa gbà nínú ẹ̀jẹ̀ ni PCV ń sọ. Kò sọ nǹkan kan nípa irin. Ẹ̀jẹ̀ lè kéré torí pé ara ò rí ohun èlò fi ṣe é, ó lè kéré torí pé ó ń dà nù, ó sì lè kéré torí pé ó ń fọ́ ju bí ara ṣe lè ṣe òmíràn lọ. Ti fòníkú-fọ̀ladìde, ó ń fọ́ ni. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó yẹ kó lo nǹkan bí 120 ọjọ́, ọjọ́ 10 sí 20 ló ń lò. Àwọn ènìyàn wá rò pé bí sẹ́ẹ̀lì bá ti fọ́, irin inú rẹ̀ náà ti lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò lọ síbì kankan.

Kò sí ará Àbújá tí kò mọ bàbá bólà, àwọn ọmọkùnrin tó ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò, tí wọ́n ń ra páànù tó ti jò, sítóòfù tó ti dógùn-ún, fíríìjì tí kò tutù mọ́. Àwọn ẹ́sítéètì kan tiẹ̀ kọ ọ́ gàdàgbà sára géètì pé bàbá bólà ò gbọdọ̀ wọlé. Ara ènìyàn ò ya irú òmùgọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní bàbá bólà tirẹ̀, macrophage lorúkọ wọn, wọ́n sì pọ̀ sínú ẹ̀dọ̀ àti ọlọ inú, èyí tí dókítà ń pè ní spleen. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó bá ti gbó, tí ara rẹ̀ ti gan, tí kò lè gba ojú ihò tóóró kọjá mọ́, odidi ni wọ́n máa ń gbé e mì. Wọn á tú u palẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tú mọ́tò àtijọ́ ní Panteka ní Kàdúná, gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ á bọ́ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Apá kan á di èròjà yẹ́lò, òun ló ń pọ́n lójú ẹni tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń fọ́ jù. Irin á bọ́ sórí ọmọlanke kan tó ń jẹ́ transferrin, ó di mùdùnmúdùn eegun, níbi tí wọ́n ti ń rọ sẹ́ẹ̀lì tuntun.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Gbogbo irin tó wà lára àgbàlagbà kò ju giráàmù 3 sí 4 lọ, kò wúwo ju ìṣó kékeré kan lọ. Lójúmọ́, mùdùnmúdùn eegun ń bèèrè mílígíráàmù 20 sí 25. Oúnjẹ ń mú 1 tàbí 2 wá nínú rẹ̀. Ìyókù, ọwọ́ bàbá bólà ló ti ń wá. Èyí tó ń jáde lára náà ò ju 1 tàbí 2 lọ: awọ tó ń ṣí, ìfun tó ń họ, àti ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù tí àwọn obìnrin ń fi kún un. Kíndìnrín tó ń da iyọ̀ tó bá pọ̀ jù sínú ìtọ̀ ò mọ bí wọ́n ṣe ń da irin nù. Kò sí ẹ̀yà ara kankan tí wọ́n gbé iṣẹ́ yẹn fún. Ibí yìí gan-an ni àfiwé bàbá bólà ti já: ti Àbújá ń kó irin sínú tírélà, irin ń kúrò nílùú, ti inú ara ò ní ọjà kankan níta tó máa tà á fún.

Ẹnu ọ̀nà ìwọlé wá ni gbogbo ọgbọ́n kó jọ sí. Irin tí ìfun fà láti inú ọbẹ̀ ò tíì wọ ara. Inú sẹ́ẹ̀lì ìfun ló ṣì wà, bí àlejò tí wọ́n fi àga fún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilẹ̀kùn tó máa gbà bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ ń jẹ́ ferroportin. Ẹ̀dọ̀ ló ń rán mégàdí síbẹ̀, hepcidin lorúkọ mégàdí náà, nǹkan bí ọdún 2000 sì ni àwọn onímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n. Bí irin bá ti pọ̀ nílé, ẹ̀dọ̀ á fi kún mégàdí. Mégàdí yìí kì í sì í fi àgádágodo tilẹ̀kùn o. Ó máa ń so mọ́ ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á gbé ilẹ̀kùn mì, á sì jẹ ẹ́ run. Ògiri pọ́nńbélé ló kù. Irin á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí. Láàárín bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, sẹ́ẹ̀lì ìfun yẹn á gbó, á já bọ́, á bá ìgbẹ́ lọ tòun tàlejò inú rẹ̀.

Irú ilẹ̀kùn yìí náà ló wà lára àwọn bàbá bólà. Bí kòkòrò àìsàn bá wọlé, tàbí ibà dé, hepcidin á pọ̀, bàbá bólà á dé irin mọ́lẹ̀, torí àwọn kòkòrò náà ń wá irin tí wọ́n máa fi pọ̀ sí i. Ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ọ̀tá ò ní rí oúnjẹ jẹ. Èyí kì í ṣe àbùkù. Bóyá òun ló gbọ́n jù nínú gbogbo ètò náà. Ní erékùṣù Pemba ní Tanzania, níbi tí ibà pọ̀ sí, wọ́n fún àwọn ọmọ kéékèèké ní irin àti folic acid láìyẹ̀ wọ́n wò bóyá irin wọ́n lọ́wọ́. Ìwádìí náà, tó jáde ní 2006, fi hàn pé àwọn tó lo irin yìí dèrò ilé ìwòsàn tàbí kú ju àwọn tí kò lò ó lọ.

Mégàdí tí kò wá sẹ́nu iṣẹ́ ló ń fa àìsàn irin àpọ̀jù tí wọ́n ń jogún, haemochromatosis. Ọdún 1996 ni wọ́n rí jíìnì tó wà nídìí èyí tó wọ́pọ̀ jù, HFE. Àwọn tí ìran wọn wá láti àríwá Yúróòpù, pàápàá Ireland, ló ń bá jà. Ó ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Irin kún ilé wọn, ẹ̀dọ̀ ò gbọ́, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu fún ogójì ọdún. Bí wọ́n ṣe ń wò ó ò le: wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ lára wọn, nǹkan bí ìdajì lítà lọ́sẹ̀, títí irin á fi wálẹ̀. Ní gúúsù Áfíríkà, irin àpọ̀jù míì wà tí wọ́n so mọ́ ọtí ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pọn sínú ìkòkò irin àti dúróòmù.

Ti ẹni tó ń gba ẹ̀jẹ̀ lóòrèkóòrè, bí àwọn SS kan ṣe ń gbà á, yàtọ̀ sí gbogbo ìyẹn. Mégàdí rẹ̀ lè wà lẹ́nu géètì kó má sùn, kó má lọ mu tíì, kí irin sì tún kún ilé, torí orí òrùlé ni wọ́n gbà gbé e wọlé. Páìǹtì ẹ̀jẹ̀ kan ní irin bíi mílígíráàmù 200 sí 250. Ohun tí oúnjẹ máa fi oṣù mẹ́ta sí mẹ́jọ kó wọlé ló kán tótó wọ apá ènìyàn láàárín wákàtí mélòó kan. Páìǹtì mẹ́wàá, irin ara ẹni náà ti ń lọ sí ìlọ́po méjì ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló kọ́kọ́ ń kó o pamọ́. Tí ẹ̀dọ̀ bá kún, ó lè yà sí ọkàn, ó lè yà sí ibi tí insulin ti ń wá kó sì di àtọ̀gbẹ. Ẹni tó ṣe ilé yìí rò ti ìyàn, kò rò ti báàgì ẹ̀jẹ̀.

Ṣé ẹ wá rí ìdí tí ìgò blood tonic orí káńtà yẹn fi ń bí èèyàn nínú? Folic acid tí wọ́n ń kọ fún SS kò ní irin nínú, ó sì wúlò, torí ara tó ń rọ sẹ́ẹ̀lì tuntun láìsinmi ń lò ó tán kíá. Àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ blood tonic, wọ́n ti po òun àti irin pọ̀, orúkọ kan náà sì ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n. Irin lè wọ́n ẹni tó jẹ́ SS lóòótọ́, pàápàá obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń ya. Àyẹ̀wò irin àti ferritin, èròjà tí ara fi ń kó irin pamọ́, ló máa sọ ọ́, PCV ò lè sọ ọ́.

Wọn ò sì lè fa ẹ̀jẹ̀ lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò tó bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ará Ireland. Oògùn tó máa di irin mú ni wọ́n ń lò. Deferasirox jẹ́ oníkóró, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Deferoxamine ti pẹ́ jù ú lọ: abẹ́rẹ́ tín-ín-rín lábẹ́ awọ ikùn, ẹ̀rọ kékeré kan á máa tì í wọlé díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí 8 sí 12, lálẹ́, ní bí òru márùn-ún lọ́sẹ̀. Ìyá tó bá jí lówùúrọ̀ láti da póò ọmọ rẹ̀ nù lè rí i pé ìtọ̀ náà ti pọ́n bí omi zobo tí wọ́n là. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Irin ni.