Ẹrù Olùṣọ́-àgùntàn Ju Ẹrù Ẹnì Kan Lọ

Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ mọ̀ nípa iṣẹ́ olùṣọ́-àgùntàn ni èyí tí ojú ń rí: ìwàásù, ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú. Láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, pásítọ̀ lè gbàdúrà fún ọmọ tuntun ní òwúrọ̀, kí ó jókòó ti ẹni tí ń kú lọ ní ọ̀sán, kí ó sì bá tọkọtaya parí ìjà ní alẹ́, wọn yóò sì máa retí pé kí ọ̀rọ̀ ìyànjú jáde lẹ́nu rẹ̀ ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Síbẹ̀, ohun tí mo rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni pé púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ṣubú ni wọ́n ti kọ́kọ́ di ẹni tí ń dá ẹrù gbé, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè bi ní ìbéèrè.

Ìwé Ẹ́kísódù orí 18 sọ bí Mósè ṣe ń jókòó ṣe ìdájọ́ láti òwúrọ̀ títí di àṣálẹ́. Jẹ́tírò àna rẹ̀ ló là á mọ́lẹ̀ fún un pé ohun tí ó ń ṣe kò dára, pé yóò rẹ Mósè fúnra rẹ̀ àti àwọn ènìyàn tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀. Apá kejì yìí ni a máa ń gbàgbé. Bí ẹnì kan bá dá ẹrù ìjọ gbé, àwọn tí ń dúró dè é náà ni yóò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àṣírí, nítorí ibẹ̀ ni àṣìyé ti pọ̀ jù. Ní ọdún 1215, Àpérò Kẹrin ti Látéránì, ìpàdé ńlá àwọn aṣáájú Ìjọ Kátólíìkì ní Róòmù, pàṣẹ pé àlùfáà tí ó bá tú ohun tí ó gbọ́ níbi ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ yóò pàdánù ipò àlùfáà rẹ̀, wọn yóò sì fi í sí ilé àwọn mọ́ńkì kí ó máa ronú pìwà dà títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Àwa pásítọ̀ ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì kò sí lábẹ́ òfin yẹn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wá sọ́dọ̀ wa ní ẹ̀tọ́ láti gbà pé ọ̀rọ̀ òun kò ní di àpẹẹrẹ nínú ìwàásù ọjọ́ Ìsinmi, kódà bí a kò bá dárúkọ rẹ̀. Ààlà kan wà níbẹ̀ ṣá o. Bí ẹnì kan bá ń bá ọmọdé ṣèṣekúṣe, tàbí bí ẹnì kan bá fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀ tàbí ti ẹlòmíràn, pásítọ̀ tí ó bá pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ sínú ti di ẹni tí ń dáàbò bo ibi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, n kì í sọ ààlà yìí fún ènìyàn ṣáájú, ẹnì kan sì rò pé mo da òun. Nísinsìnyí, mo máa ń sọ ọ́ kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹsẹ Bíbélì tí wọ́n ń lò jù láti pa ìjọ lẹ́nu mọ́ ni èyí tí ó wà nínú Sáàmù 105, pé kí a má ṣe fọwọ́ kan àwọn ẹni àmì òróró Ọlọ́run. Ẹ ka ohun tí ó ṣáájú rẹ̀: Ábúráhámù, Ísákì àti Jákọ́bù ni orin náà ń sọ, nígbà tí wọ́n kéré níye, tí wọ́n jẹ́ àlejò láàárín àwọn ọba tí ó lè pa wọ́n lára. Aláìlágbára ni ẹsẹ náà dáàbò bò. Ní ti àwọn àgbà ìjọ, 1 Tímótì 5:19 ní kí a má gba ẹ̀sùn sí wọn láìsí ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta, ẹsẹ tí ó tẹ̀lé e sì ní kí a bá àwọn tí ó ṣẹ̀ wí níwájú gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó bá ka ẹsẹ 19 láìka ẹsẹ 20 ti fi ìdajì òfin pamọ́.

Lórí owó, n kò ní pẹ́. Pọ́ọ̀lù kò dá gbé ọrẹ tí ó ń lọ sí Jerúsálẹ́mù (2 Kọ́ríńtì 8), kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ohun fi bú u. Kí pásítọ̀ má ka owó ọrẹ, kí ó má sì dá buwọ́ lu ìwé owó ìjọ.

Ìṣòro ìgbà wa ni pé ọmọ ìjọ lè gbọ́ oníwàásù mẹ́wàá lórí fóònù rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí ó sì fi wọ́n wọn pásítọ̀ tirẹ̀. Èyí ń mú kí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣiṣẹ́ títí tí ara yóò fi kọ̀. Ẹ wo Èlíjà nínú 1 Àwọn Ọba 19: ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì tí ó wá kò bá a wí. Oúnjẹ ni ó gbé kalẹ̀, ó jẹ́ kí ó tún sùn, ó sì tún fún un ní oúnjẹ. Ní orí òkè Hórébù, Èlíjà ṣàròyé pé òun nìkan ṣoṣo ló kù. Lára iṣẹ́ tí Ọlọ́run fi rán an lẹ́yìn àròyé náà ni pé kí ó lọ fi òróró yan Èlíṣà, ẹni tí ó wá tẹ̀lé e tí ó sì ń ṣe ìránṣẹ́ fún un.